Láti Subversion sí Git: ṣé gbogbo ìtàn kóòdù ni kí a kó, àbí kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa mẹ́fà ni a ń kọ sọ́fítíwíà ìṣirò owó-oṣù ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàdàn. Láti ọdún 2009 ni kóòdù wa ti wà lórí Subversion, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù sórí server; commit, ìyẹn àtúnṣe tí a ti fi pamọ́ síbẹ̀, sì ti lé ní 9,000. Ọ̀gá wa ti pàṣẹ pé kí gbogbo rẹ̀ bọ́ sórí Git, irinṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kí oṣù yìí tó parí. Ọ̀kan nínú wa ní kí a kàn da fódà trunk (ibi tí kóòdù tó ń lọ lọ́wọ́ wà) sínú repo (ilé ìpamọ́ kóòdù) tuntun, kí a kọ "commit àkọ́kọ́" sí i, kí a sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹlòmíràn fèsì pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti dáná sun ìwé ìrántí ilé-iṣẹ́. Èmi ní tèmi ní àtúnṣe mẹ́rin tí n kò tíì parí, orí kọ̀ǹpútà mi nìkan ni wọ́n wà, n kò sì mọ bí wọn yóò ṣe dé ọ̀hún. Kí ni kí a ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ka ìwé ìlò Git; mo ti kà á.

* * *

Olùdáhùn

Mo kí yín o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kó irú ẹrù yìí, ẹ̀ẹ̀kan láti CVS (irinṣẹ́ àtijọ́ tó ṣáájú Subversion), ẹ̀ẹ̀mejì láti Subversion, mo sì ti ṣi í ṣe tó láti mọ ibi tí okùn rẹ̀ ti máa ń já. Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ dì pọ̀: ohun tí ó yẹ kí a kó, bí a ṣe ń kó o, àti ohun tí a óò ṣe sí iṣẹ́ tí ó ṣì wà lọ́wọ́. N ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí àyè bá ṣe ń gbà mí.

Ní ti ohun tí ó yẹ kí a kó, ẹnu kò tíì kò lórí rẹ̀ rí. Àwọn kan gbà pé kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ló ṣe pàtàkì, àti pé ẹni tó bá fẹ́ wo ohun àtijọ́ lè lọ wò ó lórí server àtijọ́. Àwọn mìíràn ní kí a kó gbogbo rẹ̀ láti r1 (àtúnṣe kìíní) títí dé òpin. Àwọn kẹta ní kí a mú ọdún méjì tó kẹ́yìn, kí a fi ìyókù sílẹ̀; ó dà bí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì létí, àmọ́ n kò tíì rí ẹni tó ṣe é tí kò kábàámọ̀, nítorí pé ìlà kóòdù tó máa ń fa ìbéèrè kì í sábà jẹ́ ti ọdún méjì tó kẹ́yìn.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní kí a kó gbogbo rẹ̀ ni mo wà, iṣẹ́ tiyín gan-an ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó dájú pé ibì kan wà nínú sọ́fítíwíà yín tí ẹ ti ń yọ owó ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ òfin ọdún 2004, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni òṣìṣẹ́ ń dá, iye kan náà sì ni agbanisíṣẹ́ ń fi kún un. Òfin ọdún 2014 sọ ti òṣìṣẹ́ di 8, ó sọ ti agbanisíṣẹ́ di 10. Ọmọ tuntun tó bá ṣí fáìlì náà lónìí yóò rí 8 àti 10, kò ní rí nǹkan mìíràn. Bí oníbàárà kan bá wá gbé àríyànjiyàn lórí ìṣirò ọdún 2014 dé, àkọsílẹ̀ commit ni yóò sọ ọjọ́ tí ẹ yí i padà, ẹni tó yí i, àti bóyá ẹnìkan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìyípadà náà má kan owó tí wọ́n ti san ṣáájú. Bí ẹ bá ti da trunk sínú repo tuntun, `git blame`, tó ń sọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò máa dárúkọ ẹni tó dà á, láti ìlà kìíní dé ìlà ìkẹyìn, bí ẹni pé òun nìkan ló jókòó kọ gbogbo rẹ̀ lóru ọjọ́ kan.

Àwọn ńlá náà ti tọ́ èyí wò. Nígbà tí Mozilla gbé kóòdù Firefox kúrò nínú CVS lọ sínú Mercurial (irinṣẹ́ tó jọ Git) ní ọdún 2007, wọn kò kó ìtàn rẹ̀ dání. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tó bá ń tọpasẹ̀ ìlà kan yóò ṣàdédé kọlu commit kan ṣoṣo tó ko gbogbo fáìlì wọlé, yóò sì ní láti padà lọ tú ilé CVS. Àwọn tó ń ṣe GCC, sọ́fítíwíà tó ń tú kóòdù sí èdè kọ̀ǹpútà, ṣe òdìkejì. Oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n kúrò lórí Subversion, àtúnṣe tí nọ́ńbà rẹ̀ lé ní 280,000 ni wọ́n sì kó, pẹ̀lú èyí tó ti wà látìgbà CVS. Ìjiyàn wọn lórí irinṣẹ́ tó yẹ gba ọ̀pọ̀ ọdún, torí náà n kò sọ pé ó rọrùn.

* * *

Olùkópa kan láti Èkó

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo rò pé àsọdùn wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa ni GCC. Mo ti wo ìtàn kóòdù ilé-iṣẹ́ wa: nínú commit mẹ́wàá, mẹ́fà ló ní "fix", méjì ló ní "fix again", ọ̀kan kò ní ọ̀rọ̀ kankan, ìkẹwàá ni ẹnìkan kọ "Friday" sí. Kí ni ẹ fẹ́ fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣe? A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, oòrùn sì ń ràn síbẹ̀.

* * *

Olùdáhùn

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń fi kóòdù náà ránṣẹ́ nínú zip lóṣooṣù, tí ẹ kàn ń kó o sí Subversion, ìtàn tó wà níbẹ̀ kò ju ọjọ́ tí zip dé lọ, ẹ lè fi í sílẹ̀ láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n "fix" nìkan kọ́ ni commit ń sọ. Ó ń sọ àwọn fáìlì tó jọ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ tí wọ́n yí padà, àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti rí àṣìṣe ìṣirò owó-orí kan tí a kò rí ìdí rẹ̀ àfi nígbà tí a rí i pé fáìlì mẹ́ta ló yí padà nínú commit kan tí ẹni tó ṣe é kọ àmì ìdánudúró kan ṣoṣo sí. Àmì yẹn kò sọ nǹkan kan. Àwọn fáìlì mẹ́ta náà ló sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ olùbéèrè. Àtúnṣe mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ ni kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí òun ni ó lè sọnù láìsí ẹni tí yóò mọ̀.

Ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín tí ẹ kò tíì commit kò sí nínú ìtàn kankan, nítorí náà kò sí irinṣẹ́ tó ń kó ìtàn tí yóò bá yín gbé e. Patch, ìyẹn fáìlì tó kọ ohun tó yí padà sílẹ̀, ni yóò gbé e. Ẹ kọ́kọ́ ṣe `svn update` dé nọ́ńbà ìkẹyìn tí wọ́n máa kó lọ sí Git, kí ẹ sì yanjú ibi tí kóòdù bá ti ń forí gbárí níbẹ̀, lórí Subversion tí ẹ mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dúró sínú fódà trunk gan-an, kí ẹ wá ṣe:

`svn diff --show-copies-as-adds > ifeyinti.patch`

Mo tẹnu mọ́ dídúró sínú trunk nítorí pé ibi tí ẹ bá dúró sí ni orúkọ fáìlì yóò ti bẹ̀rẹ̀ nínú patch. Bí ẹ bá dúró sókè rẹ̀, gbogbo orúkọ yóò ní "trunk/" níwájú, Git kò sì ní fódà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn tó tẹ̀lé diff náà ní ìwúlò tirẹ̀: bí ẹ bá ti fi `svn copy` tàbí `svn move` yí orúkọ fáìlì padà, diff lásán yóò kọ ìyàtọ̀ sí fáìlì àtijọ́ nìkan, ẹni tó ń gbà á lọ́hùn-ún kò sì ní mọ ibi tí ìyókù wà. Fáìlì tuntun tí ẹ kò tíì ṣe `svn add` fún kò ní sí nínú patch rárá. Ẹ ṣe `svn status`, kí ẹ wo gbogbo ìlà tó ní àmì ìbéèrè níwájú.

Nínú repo Git, ẹ ṣe `patch -p0 --dry-run < ifeyinti.patch` kí ẹ lè rí i bóyá yóò wọlé láìjà, kí ẹ tó mú `--dry-run` kúrò. Git fúnra rẹ̀ máa ń retí a/ àti b/ níwájú orúkọ fáìlì, Subversion kì í fi í síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ `-p0`. Bí ìdajì fáìlì bá kọ̀ tí ẹ sì rí i pé ọ̀rọ̀ inú wọn bára mu, ẹ wo òpin ìlà: fáìlì tí wọ́n kọ lórí Windows ní àmì méjì, CRLF, lópin ìlà, `svn:eol-style` (ètò Subversion fún òpin ìlà) sì lè ti yí i padà fún ẹnìkan kí ó má yí i fún ẹlòmíràn.

Patch kan fún àtúnṣe kan. Ẹ má di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

* * *

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti ṣe ti àkọ́kọ́, ó sì wọlé. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kejì ní àwòṣe Excel kan àti àwòrán lógò, n kò rí wọn nínú repo tuntun. Ibi tí orúkọ wọn wà nínú patch, gbólóhùn kan ni mo rí.

* * *

Olùdáhùn

Gbólóhùn náà ni "Cannot display: file marked as a binary type." Subversion kì í kọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sínú diff, yóò kàn sọ pé òun rí i. Ẹ fi ọwọ́ da wọn kọ lọ síbi tó yẹ. Bí ó bá jẹ́ Git sí Git ni, `git format-patch` ì bá ti gbé wọn, ì bá sì ti gbé orúkọ yín, ọjọ́, àti ọ̀rọ̀ commit dání, tí `git am` yóò fi gbà wọ́n lódìkejì láìdín. Patch Subversion kò mọ ẹni tó kọ ọ́, kò sì mọ ìdí. Ẹ̀yin ni yóò kọ ìdí náà lọ́tun. Mo sì rọ̀ yín kí ẹ kọ ọ́ dáadáa, nítorí àwa tí a ń jà fún ìtàn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ "fix".

Àwọn àtúnṣe tí ẹ ti commit sórí ẹ̀ka (ọ̀nà iṣẹ́ tó yà kúrò lára trunk) tí a kò ní kó ńkọ́? `svn diff -c 8123` yóò mú r8123 nìkan jáde, `svn log -c 8123` yóò mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Bí irú rẹ̀ bá kọjá ogún, ẹ kúkú kó ẹ̀ka náà.

* * *

Olùkópa kan láti London

Mo fẹ́ mú ọ̀nà kẹta wá. Kí ló dé tí a fi ń kó ẹrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ní ibi iṣẹ́ wa, ọdún méjì gbáko ni a fi lo `git svn` gẹ́gẹ́ bí afárá. Ẹni tó fẹ́ràn Git lo Git, ẹni tó fẹ́ràn Subversion dúró síbẹ̀, `git svn dcommit` ló sì ń gbé iṣẹ́ padà sórí server. Kò sí ẹni tó pariwo.

* * *

Olùdáhùn

Ẹ ní orí ire, tàbí kí ó jẹ́ pé olúkúlùkù yín ló ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá tirẹ̀. Mo ti gbé lórí afárá yẹn fún oṣù méje, n kò ní gbà á fún ẹnikẹ́ni ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Orúkọ tí Git ń fún commit kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kàn ń kà tẹ̀lé ara wọn bíi r1, r2, r3. Inú ohun tó wà nínú commit náà, pẹ̀lú orúkọ òbí rẹ̀ (commit tó ṣáájú rẹ̀), ni wọ́n ti ń ṣírò orúkọ yẹn, èyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fọwọ́ kan commit kejìlá, orúkọ rẹ̀ àti ti gbogbo àtọmọdọ́mọ rẹ̀ yóò yí padà. Nígbà tí ẹ bá ṣe `dcommit`, `git svn` máa ń tún commit yín kọ kí ó lè fi nọ́ńbà Subversion sí i, orúkọ rẹ̀ a sì di mìíràn. Bí ẹ bá ti pín ẹ̀ka yẹn fún ẹlòmíràn ṣáájú, iṣẹ́ kan náà yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní orúkọ méjì, ìjà yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ìtàn Subversion sì máa ń lọ tààrà ni. Ibi tí ẹ̀ka méjì ti pàdé nínú Git, tí commit kan ní òbí méjì, kò ní àyè kankan lọ́hùn-ún.

Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ kan ni kí omi máa ṣàn sí. Kí `git svn fetch` máa fa ohun tuntun wá láti Subversion nígbà ìdánwò, kí ẹnikẹ́ni má sì fi nǹkan ránṣẹ́ padà. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn Git, ẹ ti Subversion fún kíkọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún kíkà.

* * *

Olùdáhùn (ìtẹ̀síwájú)

Ó kù mí ku bí a ṣe ń kó ìtàn fúnra rẹ̀.

Fún repo tó ní trunk, branches (àwọn ẹ̀ka) àti tags (àmì ẹ̀dà tí a gbé jáde) létòlétò, `git svn clone --stdlayout` tó. Bí ẹnìkan bá ti tú ètò fódà yẹn ká láàárín ọdún 2013 tó sì tún un tò lọ́nà mìíràn, yóò gba irinṣẹ́ tó ń tẹ̀lé òfin tí ẹ kọ fún un, bíi `svn-all-fast-export` tó ti ọ̀dọ̀ àwọn KDE wá, tí FreeBSD náà lò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí Subversion ní òpin ọdún 2020, tàbí reposurgeon tí GCC lò. Mo rò pé tiyín kò nílò èyí.

`git svn` lọ́ra. Ó ń béèrè àtúnṣe kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ server lọ́kọ̀ọ̀kan, commit 9,000 lórí nẹ́tíwọ̀kì tiwa sì lè gba gbogbo òru kí ó má parí. Ẹ ní kí ẹni tó ń tọ́jú server ṣe `svnadmin hotcopy`, ẹ gbé ẹ̀dà náà sórí kọ̀ǹpútà kan, kí ẹ sì kó o láti `file://`. Ẹ fi `--rewrite-root` kún un kí àdírẹ́sì gidi ló máa wà nínú àkọsílẹ̀, kì í ṣe fódà orí kọ̀ǹpútà yín. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òdo: ẹ wọnú fódà náà, ẹ ṣe `git svn fetch`, yóò tẹ̀síwájú láti ibi tó dúró sí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó máa ń gba àkókò jù. Subversion mọ "dele" nìkan. Git fẹ́ orúkọ kíkún àti ímeèlì. Ẹ óò kọ fáìlì kan tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sọ pé ẹni báyìí lórí Subversion ni ẹni báyìí lórí Git, ẹ óò sì fi `--authors-file` tọ́ka sí i. Bí ó bá kan orúkọ kan tí kò sí níbẹ̀, yóò dúró gbọnin. Ìyẹn dára, mo fẹ́ràn irinṣẹ́ tó ń dúró ju èyí tó ń méfò lọ.

Ọ̀pọ̀ àlàyé tí ẹ óò rí kiri ni yóò ní kí ẹ lo `--no-metadata` kí ọ̀rọ̀ commit lè mọ́. Mo kọ̀ ọ́. Ìlà `git-svn-id` tí ó ń yọ kúrò ni ó gbé nọ́ńbà àtijọ́ dání, bí kò bá sì sí, ẹ kò lè fa nǹkan tuntun wá mọ́. Ẹ ronú iye ibi tí ẹ ti kọ "wo r5120" sí: inú ìwé àṣìṣe, inú ímeèlì sí oníbàárà, inú kóòdù fúnra rẹ̀. LLVM, tí òun náà ń tú kóòdù bíi GCC, tí nọ́ńbà tirẹ̀ ti lé ní 370,000 nígbà tó bọ́ sórí Git ní ọdún 2019, fi "llvm-svn:" àti nọ́ńbà náà sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ commit. GCC kọ "From-SVN:". Wọn kò ṣe é fún ẹwà. Python náà ti gbé inú CVS, Subversion, Mercurial àti Git ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, ó dé orí GitHub, ilé repo Git lórí ayélujára, ní oṣù kejì ọdún 2017. Ẹ̀yin náà yóò tún kó ẹrù lọ́jọ́ kan, ẹni tí yóò kó o nígbà náà yóò nílò nọ́ńbà yẹn.

Fódà tó ṣófo kò sí nínú Git. Bí sọ́fítíwíà yín bá ń retí fódà "logs" kan tí kò ní nǹkan nínú, `--preserve-empty-dirs` yóò fi fáìlì kékeré kan dì í mú. `svn:ignore` (orúkọ fáìlì tí kò yẹ kí ó wọlé) ni kí ẹ fi `git svn create-ignore` sọ di `.gitignore`, `svn:externals` (ìtọ́ka sí kóòdù tó wà níbòmíràn) sì ni kí ẹ fi ọwọ́ yín tún ṣe.

* * *

Olùkópa kan láti Èkó

Mo ní ìbéèrè kan, ó sì lè jẹ́ pé mo ti ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín díẹ̀. Ìdí mìíràn tí a fi bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ni pé ẹnìkan kọ ọ̀rọ̀ aṣínà database sínú fáìlì kan ní ọdún 2012. A ti pa á rẹ́ kíákíá nígbà náà. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a bá kó gbogbo ìtàn?

* * *

Olùdáhùn

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ yín ti lágbára jù, èmi náà sì fojú fo ó nígbà àkọ́kọ́.

Nínú Subversion, server nìkan ló ní ìtàn. Ohun tó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù ni ẹ̀dà tó kẹ́yìn. Nínú Git, gbogbo ẹni tó bá ṣe `clone` (dída repo kọ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀) ló ń gbé ìtàn lọ sílé látòkèdélẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ pa rẹ́ ní 2012 yóò wà lórí kọ̀ǹpútà ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà náà padà, kí èyí tó wà nínú ìtàn di kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n ti wó. Ohun kejì ni `git filter-repo --replace-text`, tí yóò nù ún kúrò nínú gbogbo commit. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa orúkọ commit: ìfọ̀mọ́ yìí yóò yí orúkọ commit tó bá kàn àti ti gbogbo àtọmọdọ́mọ rẹ̀ padà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ parí kí ẹnì kankan tó ṣe `clone`.

Ohun kan náà ni fún fáìlì ńlá. Àwọn tó ń lo Subversion máa ń kó ohun gbogbo sí i, títí kan ẹ̀rọ ìfisórí-kọ̀ǹpútà tó tó 200 MB, nítorí kò pa ẹnikẹ́ni lára. GitHub kì í gba fáìlì tó bá ju 100 MB lọ, ó sì ń wo inú ìtàn náà, kì í ṣe ojú òde nìkan. Ẹ yọ wọ́n pẹ̀lú `--strip-blobs-bigger-than`, tàbí kí ẹ gbé wọn sí Git LFS (tó ń tọ́jú fáìlì ńlá sí ìta ìtàn) bí ẹ bá ṣì nílò wọn.

Èmi gbàgbé èyí nígbà kan. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí a ṣí repo tuntun ni a rí zip kan tó wúwo bí òkúta, a sì fọ ìtàn náà nígbà tí ènìyàn mọ́kànlá ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni kan ti rin ìrìn àjò. Ó dé ní ọjọ́ Ajé, ó fi ẹ̀dà àtijọ́ ránṣẹ́, zip náà sì padà wọlé pẹ̀lú gbogbo ìtàn àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ní commit kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi tún un ṣe.

* * *

Olùbéèrè

Mo fẹ́ jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí a bá a dé. Ọ̀gá ti gbà pé kí a kó gbogbo rẹ̀. A lo hotcopy bí ẹ ṣe wí. Wọ́n mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, `git svn fetch` sì tẹ̀síwájú lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnìkan wà tó ń jẹ́ "admin2" tó ní commit tó lé ní 300 láàárín 2010 àti 2011, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn kan ní kí a kọ orúkọ ọ̀gá sí i. Èkejì, àwọn tags di ẹ̀ka, a sì ń rí ẹ̀ka tí orúkọ wọn ní @ àti nọ́ńbà lẹ́yìn, tí a kò dá wọn rí.

* * *

Olùdáhùn

Ẹ má kọ orúkọ ọ̀gá sí iṣẹ́ tí kò ṣe. Ẹ fi "admin2" sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ẹ fún un ní ímeèlì tí kò lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, irú èyí tó parí sí `.invalid`. Bí ẹnìkan bá dá a mọ̀ lọ́la, fáìlì `.mailmap` yóò fi orúkọ rẹ̀ hàn láìfọwọ́kan commit kankan.

Nínú Subversion, tag jẹ́ fódà tí wọ́n da kọ, kò sì sí ohun tó ní kí ẹnìkan má tún kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí `git svn` fi ń kó o wá bí ẹ̀ka. Ẹ̀yin ni yóò sọ ọ́ di tag gidi. Àwọn ti @ jẹ́ àmì pé wọ́n pa ẹ̀ka kan rẹ́ tí wọ́n sì tún dá a, tàbí pé wọ́n dà á kọ láti ibi tí kò bá ètò mu. Ẹ wò wọ́n, ẹ pa èyí tí kò wúlò rẹ́.

Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ṣe àyẹ̀wò lórí tag kọ̀ọ̀kan: `svn export --ignore-keywords` ní apá kan, `git archive` ní apá kejì, kí ẹ fi `diff -r` wo àwọn méjèèjì. Ẹ má kàn wo trunk. Trunk kì í sábà purọ́.

* * *

Olùbéèrè

A ti ṣe é. Tag mẹ́rìnlélógún ni, mẹ́tàlélógún bára mu. 3.2 nìkan ni kò bára mu: ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí a gbé e jáde, ẹnìkan tún fáìlì kan ṣe nínú tag náà, kò sì ṣe é lórí trunk.

* * *

Olùdáhùn

Ìyẹn ni àtúnṣe tí ẹ ì bá má rí láéláé bí ẹ bá ti da trunk nìkan. Ẹ fi tag 3.2 sí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹ fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún àtúnṣe ọjọ́ kẹsàn-án náà, kí ẹ sì pe oníbàárà tó bá ṣì ń lo 3.2 kí ẹ bi í léèrè èwo nínú méjèèjì ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n tún ṣe, ẹ wò ó bóyá àṣìṣe tí wọ́n torí rẹ̀ tún un ṣe ṣì wà nínú trunk lónìí.